Ta Ni Yóò San Owó Wákàtí Ẹ̀kọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn agbanisíṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn jókòó sọ láìfi ohunkóhun bò. Ní ìgbà kan, bí báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá bá fẹ́ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ohun tuntun, yóò kó wọn jọ láti Kano, láti Maiduguri àti láti Calabar wá sí Èkó. Yóò gba ilé ìtura fún wọn, yóò bọ́ wọn, olùkọ́ yóò sì dúró níwájú wọn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lónìí, ẹ̀kọ́ náà ni ó ń tọ òṣìṣẹ́ lọ níbi tí ó wà. Orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ni ó ń gbà wá, pẹ̀lú àwòrán, pẹ̀lú ohùn àti ìbéèrè. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò máàkì ìdánwò, òun náà ni yóò sì fi ìwé-ẹ̀rí ránṣẹ́.

Ohun tí ó dára ni èyí, a kò sì ní bá a jà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, bí ẹ̀kọ́ ti ń kúrò nínú yàrá ni ó ń kúrò nínú wákàtí iṣẹ́ pẹ̀lú. Ó ti di ohun tí òṣìṣẹ́ ń fi òru ṣe, pẹ̀lú iná tirẹ̀, pẹ̀lú dátà tirẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kọjá dé ilé, tí ó sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Bí kò bá parí rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé àwọn aláìgbọràn nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá dé. Èrò tiwa ni pé ilé-iṣẹ́ tí ó ra ẹ̀rọ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n tí kò fún òṣìṣẹ́ ní àkókò láti lò ó, kò tíì gba ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ wọlé rárá. Ẹrù ni ó kàn sọ̀ kúrò ní orí ara rẹ̀, tí ó sì gbé e ka orí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì ni láàárín wa kí ènìyàn kọ́ ẹ̀kọ́ láìrí ojú olùkọ́. Nípa ẹ̀kọ́ tí a ń fi ìwé ránṣẹ́ láti òkè òkun ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi gba oyè ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìjọba ní àkókò náà ni ó gba ọ̀nà kan náà. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, lára ìdí tí wọ́n sọ fún gbogbo ayé ni pé àwọn fẹ́ lò ó láti kọ́ni ní ẹ̀kọ́. Ní 1960, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, a bẹ̀rẹ̀ sí fi ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí a pè ní PLATO kọ́ni. Ní ọdún 2002, Moodle jáde láti Ọsirélíà, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó láìsan owó kankan fún ìwé-àṣẹ. Nítorí náà, ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ni ó kù, gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ì bá ti máa lò ó lọ́nà tí ó yẹ.

Kí ni ó wá ń mú kí àwùjọ kan gba ohun tuntun, kí òmíràn sì kọ̀ ọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣe ìwádìí lórí ìbéèrè yìí fún ìgbà pípẹ́, ọ̀kan nínú èyí tí a mọ̀ jùlọ sì bẹ̀rẹ̀ láti inú oko àgbàdo. Ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, irúgbìn àgbàdo tuntun kan dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní 1928. Nígbà tí Bryce Ryan àti Neal Gross tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1943, wọ́n fi hàn pé nínú àwọn àgbẹ̀ 259 tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, àfi àwọn méjì péré ni kò tíì gbà á títí di 1941. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kàn jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó fi gbin gbogbo oko rẹ̀ ní tuntun. Ẹnu ọlọ́jà ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oko aládùúgbò ni ó mú kí wọ́n gbà. Igun oko kékeré ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi dán an wò kí wọ́n tó gbin ìyókù.

Láti inú irú ìwádìí báyìí ni Everett Rogers ti kọ ìwé rẹ̀ ní 1962 nípa bí ohun tuntun ti ń tàn kálẹ̀. Ó ní ènìyàn a máa béèrè ohun márùn-ún: Ṣé ó sàn ju ti àtijọ́ lọ? Ṣé ó bá ìṣe wa mu? Ṣé ó nira láti yé? Ṣé mo lè dán díẹ̀ wò ná? Ṣé mo lè fi ojú mi rí èrè rẹ̀ lára ẹlòmíràn? Ní 1989, Fred Davis wádìí àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, ó sì rí i pé ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì jù, ìwúlò àti ìrọ̀rùn, àti pé ìwúlò ni ó wúwo jù nínú àwọn méjèèjì. Ènìyàn a máa fara da ohun tí ó nira bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò bá ti ibẹ̀ dára sí i. Ṣùgbọ́n kò sí bí ohun kan ti lè rọrùn tó tí a ó fi máa lò ó bí kò bá wúlò. Ní 1990, Tornatzky àti Fleischer fi kún un pé kí a má wo ẹ̀rọ nìkan, kí a wo ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí ó ti tóbi tó àti irú ọ̀gá tí ó wà níbẹ̀, kí a sì wo àyíká tí ó ti ń ṣòwò, àwọn abánidíje rẹ̀ àti òfin ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn ilé tiwa. Àyíká ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Ní 2024 nìkan, ìgbà púpọ̀ ni òpó iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí dá wó lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ètò ẹ̀kọ́ tí ilé-iṣẹ́ ń rà láti òkè òkun ni a ń fi dọ́là san owó wọn. Kí ìjọba tó tú iye náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ilé-iṣẹ́ tí kò fi òṣìṣẹ́ kan kún ti tẹ́lẹ̀ wá rí i pé owó ẹ̀kọ́ òun ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tí ń ṣe àkóso ìbánisọ̀rọ̀ gba àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láàyè láti fi ohun tí ó tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà já ní etíkun Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ báńkì dojú rú ní Nàìjíríà, ó sì kan Gánà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ̀kọ́ tí ó bá gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú gbogbo yóò dákẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí òṣìṣẹ́ lè gbà sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa kà á lẹ́yìn náà láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, ni ó bá ilẹ̀ wa mu jù.

Síbẹ̀ náà, àyíká yìí kan náà ni ó tún ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sí ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí ìjọba àpapọ̀ sì ti Èkó, Ògùn àti Abuja pa láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn tí ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn gbà. Epo bẹntiróòlù tí ó gbówó lórí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ òfuurufú, àti ewu tí ń bẹ lójú ọ̀nà wa, gbogbo wọn ni ó mú kí kíkó òṣìṣẹ́ jọ láti ìlú dé ìlú di ohun ìnira. Báńkì tí ó ní ẹ̀ka ní gbogbo ìpínlẹ̀ rí èrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹ̀kọ́ tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò lò. Ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Ṣómólú tàbí ilé-iṣẹ́ aṣebàtà ní Aba, tí kò ju ènìyàn mẹ́jọ lọ, kò lè rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Kò ní ẹni tí yóò ṣètò ẹ̀kọ́, ọ̀gá gan-an ni ó ń tajà, òun ni ó ń gba owó, òun náà ni ó ń tan jẹnẹrétọ̀. Bí a bá ń bu irú àwọn bẹ́ẹ̀ pé wọn kò fẹ́ ọ̀làjú, a kò ṣe òdodo.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà tàbí ti Ìlú Ọba, pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti ọjà tí kò jọ tiwa. Akọ̀wé inú ọ́fíìsì lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ ní Kano, tí Hausa sì ni èdè rẹ̀, tàbí ẹni tí ń to ẹrù ní Ọ̀tà, tí Yorùbá yé jù, nílò láti mọ bí a ti ń yẹra fún jàǹbá lọ́nà tí yóò yé e yékéyéké. Ìtumọ̀ kan tí ó ṣì gbọ́ lè gba ìka lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún lórí WhatsApp, ní èdè tí òṣìṣẹ́ ń sọ, lè ṣe é láǹfààní ju ìwé-ẹ̀rí aláràbarà tí ó fi àfòyemọ̀ gbà.

Òfin pẹ̀lú ń ti ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn. Òfin ọdún 2022 tí ó dènà fífọ owó ẹ̀gbin mọ́ pàṣẹ kí àwọn báńkì máa kọ́ òṣìṣẹ́ wọn déédéé. Òfin ọdún 2023 lórí ààbò ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn ènìyàn sì mú kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rí i pé ó yẹ kí òṣìṣẹ́ mọ ohun tí a kò gbọdọ̀ fi síta. Irú àṣẹ báyìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé-ẹ̀rí tí a ó fi han aṣojú ìjọba ni ọ̀gá ń wá, ìwé-ẹ̀rí nìkan ni yóò rí. Òṣìṣẹ́ yóò máa tẹ bọ́tìnnì láìwo ohun tí ń bẹ níwájú rẹ̀, ọ̀rẹ́ yóò bá ọ̀rẹ́ dáhùn ìbéèrè, kọ̀ǹpútà yóò sì jábọ̀ pé gbogbo ènìyàn ti yege. Nígbà tí olè bá wá gba ojú ìlẹ̀kùn tí ẹ̀kọ́ náà yẹ kí ó ti wọlé, ẹnu yóò ya olúwarẹ̀.

A wá dé orí kókó ọ̀rọ̀ wa. Èyí tí ó lágbára jù nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ohun tí ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nípa àkókò. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí àwọn yunifásítì ńlá ayé bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Katy Jordan tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé, ní ìwọ̀n àárín, nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 péré ni ó ń parí rẹ̀. Ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ni ó mú àwọn wọ̀nyí wá, owó kọ́ ni ó dá wọn dúró. Ẹni tí kò bá ní wákàtí tí a yà sọ́tọ̀, àti ẹni tí yóò béèrè ibi tí ó bá a dé lọ́wọ́ rẹ̀, yóò máa sọ pé ọ̀la ni òun yóò ṣe é, títí ọ̀la yóò fi di ọdún.

Àwa kò fojú kékeré wo ohun tí wákàtí yìí yóò ná agbanisíṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní òṣìṣẹ́ 200, tí olúkúlùkù sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, wákàtí kan tí a bá yọ fún ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ yóò jẹ́ wákàtí 200. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ márùn-ún ni èyí. Owó gidi ni, kò sì sí nínú iye tí ẹni tí ń ta ẹ̀rọ ẹ̀kọ́ kọ sínú ìwé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi ń gbé e sínú òru òṣìṣẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í ṣe ìṣirò. Ṣùgbọ́n òru náà ní olówó tirẹ̀. Ìyá ọmọ ni ó ń san án, ẹni tí yóò dáná, tí yóò wẹ ọmọ, tí yóò sì tún ṣí kọ̀ǹpútà ní agogo mọ́kànlá. Nígbà tí ọkùnrin tí kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá parí ẹ̀kọ́ kíákíá, tí ó sì gba ìgbéga, a ó máa wí pé òun ni ó ní ìtara jù. Ẹni tí yóò bá jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Agbanisíṣẹ́ tí ó ń fẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi àáké ẹlòmíràn gé e.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé bí a bá fi wákàtí iṣẹ́ kọ́ wọn tán, ọ̀la ni wọn yóò jápa lọ sí Kánádà tàbí Ìlú Ọba, tàbí kí ilé-iṣẹ́ tí ó kọjú sí wa gbà wọ́n mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀rù tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí bí àwọn baba wa ti ń ṣe é. Ọ̀gá télọ̀ tàbí ọ̀gá mẹkáníìkì mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yóò gba òmìnira lọ́jọ́ kan. Láàárín àwọn Igbo, ọ̀gá tilẹ̀ máa ń fún ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá sìn ín parí ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀. Síbẹ̀, ọjà Aláàbà kò tú, iṣẹ́ ọwọ́ kò sì parun, nítorí pé ọ̀gá ti jẹ èrè iṣẹ́ ọmọ náà kí ó tó lọ, ọmọ mìíràn sì ń wá nítorí pé ó gbọ́ pé a ń kọ́ni dáradára níbẹ̀. Kí a má sì gbàgbé pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kò sí fóònù tí yóò kọ́ ènìyàn tán bí a ti ń jó irin tàbí bí a ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ọwọ́ ni yóò parí ohun tí ojú bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba náà ti rí ìṣòro yìí tẹ́lẹ̀. Òfin 47 ti ọdún 1971 ni ó dá àjọ ITF sílẹ̀, èyí tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos. Láti ìgbà tí a ti tún òfin náà ṣe ní 2011, agbanisíṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí òwò rẹ̀ lọ́dún bá tó 50 mílíọ̀nù náírà bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ tó márùn-ún, gbọ́dọ̀ dá ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó iṣẹ́ tí ó ń san lọ́dún. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ òṣìṣẹ́ òun lè gba apá kan padà. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé bí gbogbo ènìyàn bá dá sí i, kò sí ẹni tí yóò máa kárúgbìn fún aládùúgbò lásán.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ lo ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ ya wákàtí kan, ó kéré tán, sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ iṣẹ́, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ó ti ń kọ ọjọ́ ìsinmi. Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe, kí ó san owó àṣekún fún wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi kàwé nílé, kí ó sì san owó dátà pẹ̀lú. Kí ó dán ẹ̀kọ́ náà wò ní ẹ̀ka kan ná, bí àwọn àgbẹ̀ Iowa ti dán àgbàdo wò ní igun oko, kí ó bi àwọn tí ó lò ó léèrè, kí ó tó ra á fún gbogbo ilé. Kí ó wo iṣẹ́ tí ó dára sí i, kí ó má ka ìwé-ẹ̀rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké lè parapọ̀ nínú ẹgbẹ́ oníṣòwò wọn, kí wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ kan pọ̀ ní èdè tí ó yé wọn. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Kí àjọ ITF béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wá gba owó padà, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí mélòó ni ó ní nìkan, bí kò ṣe wákàtí mélòó ni ó yọ̀ǹda. Kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú mú wákàtí ẹ̀kọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bá ọ̀gá dúnàádúrà, bí wọ́n ti ń mú ọ̀rọ̀ owó oṣù lọ.

Àwa mọ̀ pé agbanisíṣẹ́ tí ó ń fẹ́ ire ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn ni a ń bá sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rọ ẹ̀kọ́ tí ó kàn tí wọn yóò rà, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìwé àkókò iṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Bí kò bá sí àyè kan níbẹ̀ tí a kọ ẹ̀kọ́ sí, kí wọ́n fi owó wọn pamọ́ títí wọn yóò fi rí àyè náà.